Ìwé Mámí Wọtà tí Mo Kà Sétí Ìyá Mi

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ìyá mi a máa ra káàdì igba náírà sórí fóònù kan tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni. Bọ́tìnnì rẹ̀ méjì ti yọ, wọ́n sì fi rọ́bà so ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà jábọ́. Fóònù mìíràn wà tí àwọn oníbàárà fi ń pè wọ́n. Èyí wà fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí, Màámi kò sì fẹ́ kí wọ́n gba nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn nítorí pé wọn kò lò ó. Ó ti wọ ọdún keje tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wọ ilé wa.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ẹ̀gbọ́n mi kúrò ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ wẹ́dà ni ó kọ́. Ó sọ fún wa pé Kánò ni òun ń lọ, pé ọ̀gá kan fẹ́ gba òun síṣẹ́ níbẹ̀. Kánò náà ni ó kọ́kọ́ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó gba Agadez ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó sì wọ Líbíà. Ìgbà tí ó pè wá láti Sabratha, ìlú kan tí ó wà létí òkun, ni a tó mọ ibi tí ó wà. Oṣù kẹfà ni. Òun àti Màámi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù, pé omi náà kò fẹ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní Líbíà pè wá láti Ítálì. Ó ní ọkọ̀ rọ́bà méjì ni ó gbéra ní òru ọjọ́ kan náà. Èyí tí òun wà nínú rẹ̀ pàdé àwọn adóòlà. Èkejì, tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀, kò pàdé ẹnikẹ́ni.

Màámi bi í pé, "Ṣé o rí òkú rẹ̀?"

Ó ní òun kò rí i.

"Ta ni ó rí i?"

Ó ní kò sí ẹni tí ó rí i. Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n súre fún un, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi "olóògbé" ṣáájú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé wa. Wọn kò jẹ́ kí a ṣọ̀fọ̀, wọn kò jẹ́ kí a ṣàdúrà ìrántí, wọn kò sì jẹ́ kí a fún ẹnikẹ́ni ní aṣọ rẹ̀.

Àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2016 nìkan, ó ju 5,000 ènìyàn lọ tí wọ́n kú tàbí tí wọ́n sọnù sínú Òkun Mẹditaréníà. Ojú kan náà ni ìṣirò náà kó àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó sọnù sí. Àwọn àgbà wa kò kó wọn pọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi kú, ó sàn ju ọmọ mi nù lọ." Nígbà èwe mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìkà ni òwe yìí. Ó di ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyá mi bí wọ́n ti ń ra káàdì sórí fóònù tí kì í dún kí n tó mọ ohun tí ó ń sọ. Ọ̀fọ̀ ní òpin. Ìrètí ẹni tí ó nù kò ní.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó mú ìwé náà wá fún mi nígbà tí ó wálé ṣe Kérésìmesì ọdún 2023. Skin of the Sea ni orúkọ rẹ̀. Natasha Bowen ni ó kọ ọ́. Ìran Nàìjíríà àti ìran Wales ni ó pàdé lára òǹkọ̀wé náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń gbé. Ọdún 2021 ni ìwé náà jáde, èkejì rẹ̀, Soul of the Deep, sì tẹ̀lé e ní ọdún 2022. Ìtàn àròsọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni, irú èyí tí ènìyàn àti ẹ̀dá abàmì ti jọ ń rìn pọ̀. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì gbé e sórí tábìlì. N kò kánjú láti kà á. Ẹni tí òkun ti gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sáré ka ìwé òkun.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo rò pé mo ti mọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀. Mámí Wọtà méjì ni mo mọ̀ ní èwe. Èkíní ni ti odò Ògùn, tí àwọn àgbà àdúgbò wa fi ń dẹ́rù bà wá kí a má baà lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Èkejì ni onírun pupa inú fíìmù Disney ti ọdún 1989, tí ó ń kọrin, tí ó sì fẹ́ ọmọ ọba. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Hans Christian Andersen, òǹkọ̀wé ará Denmark, ni ó kọ ìtàn náà ní ọdún 1837, àti pé kò dùn tó bí fíìmù ṣe sọ ọ́. Nínú ti Andersen, wọ́n gé ahọ́n ọmọbìnrin náà kí ó tó lè ní ẹsẹ̀. Bí ó bá sì ń rìn, a dà bí ẹni tí ń tẹ ojú ọ̀bẹ. Ọmọ ọba fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọbìnrin náà sì di ìfófó orí omi. Ohun tí ó ń wá kọjá ọkọ. Ẹ̀mí tí kì í kú ni ó ń wá, nítorí pé nínú ìtàn náà, ènìyàn nìkan ni ó ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀; àwọn ẹni inú omi kò ní.

Bowen mú ìfófó náà lò nínú ìwé tirẹ̀: Mámí Wọtà tí ó bá bá ènìyàn ṣe ìfẹ́ yóò di ìfófó. Ṣùgbọ́n ó yí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí padà pátápátá. Àwọn ẹni inú omi tirẹ̀ kì í wá ẹ̀mí fún ara wọn. Ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń tọ́jú. Ìgbà tí ọkọ̀ àwọn Pọ́túgí ti ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú ni ìtàn náà dá lé. Yemọja sọ àwọn ọmọbìnrin méje di Mámí Wọtà, ó sì gbé iṣẹ́ kan lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n máa gba ẹ̀mí àwọn tí ó bá kú sínú òkun láti inú ọkọ̀ ẹrú, kí wọ́n súre fún wọn, kí wọ́n sì mú kí wọ́n padà sọ́dọ̀ Olódùmarè. Simidele ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà. Òun ni ó ń sọ ìtàn náà fún wa.

Ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni mo tó ṣí ìwé náà. Iná ti lọ. Màámi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìko so aṣọ funfun tí wọn yóò rẹ sínú aró lọ́jọ́ kejì. Àdìrẹ oníko ni wọ́n ń tà ní Ìtókù láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo tan àtùpà, mo sì mú ìwé tí ó sún mọ́ mi jù.

"Ìwé kí ni o ń kà tí o fi fajúro bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé Mámí Wọtà ni, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Kí ni Mámí Wọtà ọ̀hún ń ṣe?"

N kò tíì ronú kí n tó dáhùn. "Ó ń gba ẹ̀mí àwọn tí wọ́n kú sínú òkun."

Ọwọ́ wọn dúró lórí aṣọ. Ìko kan ṣì wà láàárín eyín wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́.

"Kà á sókè," ni wọ́n wí.

Màámi ń ka Bíbélì Yorùbá wọn láìṣì, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ibi ìwé. Nítorí náà, mo ń fi ojú ka gbólóhùn kan, mo sì ń fi ẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ibi tí òǹkọ̀wé bá ti kọ orúkọ òrìṣà, ó rọrùn. Ibi tí ó bá ti ṣàpèjúwe ìrù ẹja tí ó di ẹsẹ̀, mo máa ń wá ọ̀rọ̀ títí. Orúkọ ọmọbìnrin náà ni ó kọ́kọ́ dá wa dúró. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀ nínú ìwé, èmi náà sì ń pè é ní Simi ṣáá, bí ẹni ń pe ọmọ kíláàsì rẹ̀. Màámi ní kí n pe orúkọ náà pé. Mo pè é. Wọ́n wá tún un pè fúnra wọn, wọ́n sì fi ohùn sí i bí ó ti yẹ: Sìn-mí-dé-lé.

"Orúkọ rẹ̀ bá iṣẹ́ rẹ̀ mu," ni wọ́n wí, wọ́n sì mú aṣọ wọn.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, wọn a ní kí n mú ìwé wá. Wọ́n gbádùn àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí òǹkọ̀wé mú wá láti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n ń pè ní yumbo, àti ọmọbìnrin tí ó lè di ìkookò, èyí tí ó ti inú ìtàn àwọn ará Bọ̀nú wá. Ṣùgbọ́n wọ́n bá òǹkọ̀wé jà lórí Yemọja.

"Èmi kì í ṣe abọ̀rìṣà o," ni wọ́n wí, torí pé ọmọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí n ṣì wọ́n gbọ́. "Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ sọ ìtàn, kí ó sọ ọ́ bí ó ti wà. Yèyé-ọmọ-ẹja, odò Ògùn yìí ni ilé rẹ̀. Olókun ni ó ni òkun. Kí ni Yemọja ń wá nínú òkun?"

Mo sọ fún wọn pé òǹkọ̀wé mọ̀. Nínú ìwé náà, odò Ògùn ni Yemọja wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀ ni ó fi odò sílẹ̀, tí ó sì tẹ̀lé wọn dé inú òkun. Mo tún sọ fún wọn pé èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, ní Rio Vermelho ní ìlú Salvador ní ilẹ̀ Brazil, ọ̀pọ̀ ènìyàn a kó òdòdó, lọ́fínńdà àti dígí lọ sí etíkun, wọn a sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ bá Iemanjá. Yemọja wa náà ni. Ní Cuba, Yemayá ni wọ́n ń pè é, òkun ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ níbẹ̀. Nílé, odò ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ, ó di òkun, nítorí pé òkun ni ó wà láàárín wọn àti ilé.

Màámi so ojú aṣọ mẹ́ta sí mẹ́rin kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ó yé mi. Ibi tí ọmọ bá gbà ni ìyá ń gbà." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Àwọn tí kò dé òdì-kejì ńkọ́? Wọ́n pọ̀?"

Mo mọ iye náà, torí pé mo ti wá a nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ẹrú ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 ni ó sì gúnlẹ̀ sí òdì-kejì. Mo yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì fún Màámi. Ó ṣẹ́ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8.

"Kò sì sí ẹni tí ó sin ọ̀kan nínú wọn," ni wọ́n wí.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tí mo ti kà ṣáájú, tí mo sì ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ju ara ọmọkùnrin kan sínú òkun láti inú ọkọ̀. Simidele lọ bá a láti gba ẹ̀mí rẹ̀, ó sì rí i pé kò kú. Kólá ni orúkọ rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n pa fún Mámí Wọtà ni pé òkú nìkan ni kí wọ́n máa tọ́jú, ṣùgbọ́n Simidele gbé alààyè náà jáde kúrò nínú omi. Rírú tí ó rú òfin yìí ni ó bí gbogbo wàhálà inú ìwé náà: ó kó Yemọja fúnra rẹ̀ àti gbogbo àwọn Mámí Wọtà yòókù sínú ewu, ó sì di dandan kí ọmọbìnrin náà rìnrìn àjò lórí ilẹ̀ láti lọ tọrọ àforíjì.

Mo ronú pé kí n fo ibẹ̀. Ẹnu mi nìkan ni ìyá mi fi ń ka ìwé náà. Bí mo bá fò ó, wọn kò ní mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò gbọ́ pé ọmọkùnrin kan bọ́ sínú òkun tí kò kú, wọn yóò sì tún fi ọdún méje mìíràn gbé e sọ́kàn. Mo ronú bákan náà nípa ibì kan mìíràn, tí òǹkọ̀wé ti sọ pé bí Simidele bá wà nínú omi, ìrántí ayé tí ó ti gbé rí a máa sá kúrò lọ́kàn rẹ̀; ó di ìgbà tí ó bá gun orí ilẹ̀ kí ó tó rántí ilé àti òbí rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá tí ó ń retí ìpè?

N kò fo ọ̀kankan. Àwọn ènìyàn ti fi nǹkan pamọ́ fún ìyá mi tó. Ẹ̀gbọ́n mi sọ Kánò, ó sì lọ Líbíà. N kò fẹ́ jẹ́ ẹnì kejì.

Mo kà á. Nígbà tí Kólá yọjú, Màámi gbé aṣọ sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì dákẹ́. Mo ń wo ojú ìwé, n kò wo ojú wọn.

"Ẹyọ kan ni?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹyọ kan ni, Màámi."

"Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jù sínú omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ó súre fún wọn, ó sì ràn wọ́n sílé."

Wọ́n mi orí. Ìgbà tí mo sọ ti ìrántí tí ń sá lọ, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé ẹni tí ó wà nínú omi kò mọ̀ pé à ń retí òun." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. "Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí ó mọ̀. Yóò máa dùn ún." Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí wọn kò béèrè láti ọdún 2017, pẹ̀lú ohùn tí ó rọlẹ̀: "A kò rí i sin. Ta ni ó sìn ín délé?"

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Mo ti ń kọ wọ́n láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò sì fi ìgbà kankan rí i pé wọ́n wà létí ara wọn. N kò ní èsì. Mo kúrò lórí àga, mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì mú ìko, mo ń bá wọn so aṣọ. A kò kàwé mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó parí ìwé náà. N kò ní sọ bí ó ṣe parí, kí ẹ̀yin náà lè kà á. Bí ẹ bá sì ní òbí tí kò gbọ́ èdè tí ẹ fi ń kàwé, ẹ gbìyànjú kí ẹ kà á sí wọn létí, kí ẹ má sì fo ohunkóhun. Mo ti máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìwé àròsọ kò wúlò fún ẹni tí ó ní ìṣòro gidi. Àwọn tí ó wá kí wa láti ọjọ́ yìí sọ òtítọ́ fún Màámi lọ́pọ̀ ìgbà, pé ọmọ wọn ti kú, kí wọ́n gba kámú. Òtítọ́ náà kò wọlé, nítorí pé kò ní ibi tí ọmọ náà lọ nínú. Ìwé yìí kò sọ pé ọmọ wọn kú. Ó kàn fi hàn wọ́n pé ẹnì kan lè wà nísàlẹ̀ omi tí yóò gba ọmọ ẹni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn tí a parí rẹ̀, Màámi gbé Bíbélì ńlá bàbá mi jáde. Bàbá mi ti kọ ọjọ́ ìbí gbogbo wa sí ojú ewé àkọ́kọ́. Lójú ewé kejì ni wọ́n ń kọ àwọn tí ó ti lọ sí: bàbá bàbá mi, ìyá bàbá mi, àti bàbá mi fúnra rẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2009. Wọ́n ṣí i sí ojú ewé kejì, wọ́n sì na bírò sí mi.

"Kí ni kí n kọ, Màámi?"

"Kọ orúkọ rẹ̀. Kọ oṣù kẹfà, 2017. Má kọ ọjọ́. A kò mọ ọjọ́." Wọ́n dúró kí n kọ ìyẹn tán. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé, kí Ọlọ́run sìn ín délé. Fi àmì sí i dáadáa."

Mo fi àmì sí i.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí àdúrà ìrántí nínú ìjọ, wọ́n sì wọ aṣọ dúdú fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n sunkún níbẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n kó ṣòkòtò rẹ̀ mẹ́ta fún ọmọ aládùúgbò wa tí ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà.

Ní ìparí oṣù náà, wọ́n pè mí, wọ́n sì fún mi ní igba náírà kí n lọ bá wọn ra káàdì. N kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Mo lọ rà á.